Bàbá Àgbà Tó Fura sí Omi

Bí wọ́n bá sọ fún Bàbá Àgbà pé òjò ń rọ̀, á kọ́kọ́ na ọwọ́ gba ojú fèrèsé síta. Bí ọwọ́ náà bá tutù, á fà á padà, á wò ó dáadáa, kó tó ní kí wọ́n lọ ká aṣọ. Àwa ọmọ-ọmọ rẹ̀ a máa rẹ́rìn-ín. Ìyá mi, tí í ṣe ìyàwó ọmọ rẹ̀, kì í bá wa rẹ́rìn-ín, nítorí aṣọ tirẹ̀ ló máa ń wà lórí okùn ní gbogbo ìgbà tí àyẹ̀wò yẹn bá ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Ti Bàbá Àgbà kọjá oògùn, oúnjẹ ni. Ó ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, ó ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, kò sì sú u títí tó fi dákẹ́ ní àsìkò òjò ọdún tó kọjá, nígbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

Mi ò ní kọ ìtàn ayé rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ìwé ètò ìsìnkú ti ṣe ìyẹn, ó sì parọ́ díẹ̀, bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti máa ń ṣe. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni, pé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Bàbá wa kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́. Ìkìrun ló ti wá, ní àpọ́n, láti wá kọ́ àwọn ọmọ Ìkòròdú ní sáyẹ́ǹsì. Yàrá méjì ló kọ́kọ́ háyà lẹ́yìn ibùdókọ̀ Benson kó tó kọ́ ilé tirẹ̀. Ó fẹ́ Màmá Àgbà, ọmọ àwọn Ìlàjẹ tó ti etíkun Oǹdó wá pa ẹja ní Ebúté-Ìrètí, abúlé kékeré kan létí ọ̀sà nítòsí Ẹ̀pẹ́. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kódà nígbà tó ti fẹ̀yìn tì fún ogún ọdún.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi í bóyá ó ń fura sí Màmá Àgbà náà. Ó ní, "Òun nìkan ni mi ò tíì rí mú. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń ṣọ́ ọ."

Ìfura rẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Òfin náà ni pé ẹni tó bá fura gbọ́dọ̀ wọ̀n. Obìnrin kan wà ní Benson tó ń ta kẹrosíìnì. Lọ́jọ́ kan Bàbá gbé ìgò tó rà lọ́wọ́ rẹ̀ sókè sójú oòrùn, ó ní kò kún. Obìnrin náà bínú, àwọn èèyàn pé lé wọn lórí, ó sì bi Bàbá bóyá olè ló ń pe òun. Bàbá ní rárá. Ó rìn lọ sílé, ó gbé ife gígùn oníwọ̀n tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì, ó padà wá, ó sì da kẹrosíìnì náà sínú rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ó kún. Ó tún lé díẹ̀. Bàbá tẹrí ba fún obìnrin náà, ẹni tó tó bí lọ́mọ, ó ní òun ṣe àṣìṣe. Láti ọjọ́ yẹn kò ra kẹrosíìnì lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́ títí obìnrin náà fi kó kúrò ládùúgbò. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ nílé, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Mi ò pè é lólè. Mo ní kí á wọ̀n ọ́n."

Èmi náà ti di tíṣà báyìí. Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé kan ní Ìkòròdú. Ẹ̀kọ́ yẹn náà ló dá ìjà tó pẹ́ jù sílẹ̀ láàárín èmi àti Bàbá.

Mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì nígbà tí mo dé sílé ní Sátidé kan, tí mo jókòó tì í ní fàráńdà, tí mo sì sọ fún un pé ayé ń gbóná sí i, pé ọwọ́ èèyàn ló sì wà níbẹ̀: èéfín mọ́tò, èéfín jẹnẹrétọ̀, èéfín ilé iṣẹ́ ńláńlá, igbó tí à ń gé tí à ń sun. Mo ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé mọ́tò pa nínú oòrùn. Bàbá yọ jígí ojú rẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́," ó ní, "mọ́tò gbóná torí pé afẹ́fẹ́ gbígbóná inú ẹ̀ kò ráyè jáde. Ojú ọ̀run kò ní fèrèsé. Àpẹẹrẹ ẹ ò dáa."

Ó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bó ṣe yẹ. Ó ní ilẹ̀ a máa gba ooru lọ́wọ́ oòrùn, a sì máa dá a padà sókè. Pé àwọn afẹ́fẹ́ kan, irú èyí tó ń ti ara èéfín jáde tí wọ́n ń pè ní kábọ́nì, ló ń gba ooru náà mú lọ́nà tí wọ́n sì ń dá díẹ̀ padà sí wa, bí aṣọ ìbora ṣe ń dá ooru ara padà sí ẹni tó dà á bora. Olùkọ́ mi ní yunifásítì kò ṣàlàyé rẹ̀ yé mi tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó parí, ó wọ jígí rẹ̀ padà, ó ní òun kò gbà pé èèyàn ló fa nǹkan kan. Ayé ti gbóná rí, ó ti tutù rí, kí ẹnikẹ́ni tó dá iná. Oòrùn fúnra rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Kábọ́nì tí à ń pariwo lé lórí kò tó nǹkan nínú gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà lókè. Gbogbo ohun tí mo bá gbé kalẹ̀, ó ní ohun tó máa fi là á.

Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú fún ọdún púpọ̀. Mo ti rò pé àwọn tí kò kàwé ló ń jiyàn sí i, pé bí èèyàn bá ti mọ sáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ parí. Nínú ilé tiwa, ẹni tó mọ sáyẹ́ǹsì jù ló ń jiyàn jù. Nígbà tó yá ni mo rí i pé ìwé kọ́ ló kọ́ Bàbá láti kọ̀. Ibòmíràn ló ti gbé kíkọ̀ yẹn wá. Ìwé kàn bá a mọ odi yí i ká ni, odi tí ẹni tí kò kàwé kò lè mọ.

Kí n tó dìde ní fàráńdà lọ́jọ́ yẹn, ó bi mí ní ìbéèrè kan. Mi ò tíì wọn nǹkan kan rí láyé mi. Àwọn tí mo fọkàn tán ló sọ fún mi, mo sì gbà, gẹ́gẹ́ bí òun náà ṣe kọ̀ nítorí àwọn tí kò fọkàn tán. Ohun tó bi mí ni pé, "Ṣé o wọ̀n ọ́n, àbí wọ́n sọ fún ẹ?"

Màmá Àgbà kò lọ sílé ìwé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi ló fara mọ́. Ẹja ló ń yan ní ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ àtíbàbà onípáànù kan tí abẹ́ rẹ̀ ti dú bí ìdí ìkòkò. Ní ọjọ́ kan tí èmi àti Bàbá tún ń fa ọ̀rọ̀ náà, Màmá na ọwọ́ sókè, ó fi ìka nu páànù, ó sì fi ìka dúdú náà hàn wá. Ó ní gbogbo ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé kọjá ló ń rò pé èéfín òun ti lọ, bẹ́ẹ̀ kò lọ síbì kankan. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní èédú ara páànù yàtọ̀ sí kábọ́nì, pé kábọ́nì kò ṣeé fojú rí, ó sì kéré púpọ̀.

Màmá ń to ẹja rẹ̀ lọ. Èmi fúnra mi ń fura sí ohun tó mú un gbè sẹ́yìn mi, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n ti wàásù fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ aráyé ló ń ba ojú ọjọ́ jẹ́. Ó lè jẹ́ ìwàásù yẹn ló gbà gbọ́, kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé orí sókè, ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ló fi dá ọkọ rẹ̀ lóhùn: "Bàbá Fẹ́mi, iyọ̀ tó ń ba ọbẹ̀ jẹ́, ṣé ó máa ń pọ̀ tó ọbẹ̀ ni?"

Òun náà ló jẹ́ kí n mọ ibi tí ìfura Bàbá sí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe inú ìwé. Ebúté-Ìrètí ni, láàárín àwọn àna rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ kan ti gbé ẹ̀rọ tó ń fa iyanrìn wá sórí ọ̀sà níwájú abúlé náà. Ọdún kan kò pé tí etí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ilé mẹ́ta lọ, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ, igi àgbọn tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́ wó sínú omi pẹ̀lú okùn lọ́rùn. Àwọn ará abúlé fẹjọ́ sùn. Ilé iṣẹ́ náà rán ọkùnrin kan wá, bàtà rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó gbé àwòrán ayé ńlá kan dání. Ó ní òkun gbogbo ayé ló ń kún, pé àyípadà ojú ọjọ́ ló ń jẹ ilẹ̀ wọn, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà ń bú ramúramù lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, débi pé ó ní láti gbé ohùn sókè kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Bàbá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa pe àyípadà ojú ọjọ́ sí i létí, ẹnu ọkùnrin yẹn ló sì ti gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, ẹni yòówù kó tún sọ ọ́, ìbáà jẹ́ rédíò, ìbáà jẹ́ èmi, ohùn ọkùnrin yẹn ni Bàbá ń gbọ́.

Màmá ní wọ́n ti wọ mọ́tò padà kọjá Ìtòíkín lọ́nà Ìkòròdú. Ìgbà náà ni Bàbá wá ní, "Ẹni tó gbé ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ló ń sọ fún wa pé atẹ́gùn ló gbẹ́ ihò."

Bó ṣe di pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn omi nìyẹn. Ó ri òpó irin kan mọ́lẹ̀ ní Ebúté-Ìrètí, ó fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí i lára. Ó ri èkejì sí kọ̀rọ̀ kan ní Ìpakòdó, létí ọ̀sà Ìkòròdú, níbi tí ẹ̀rọ iyanrìn kankan kò dé rí. Èrò rẹ̀ rọrùn. Bí omi Ìpakòdó kò bá gòkè, irọ́ ni ọkùnrin yẹn pa. Lóṣooṣù ló ń lọ ka òpó méjèèjì, nígbà tí omi bá kún àti nígbà tó bá fà, ó sì ń kọ òjò àti atẹ́gùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òjò ló tàn án. Mo bá a lọ sí Ìpakòdó lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó wà ní èbúté máa ń bi í bóyá omi ti jẹ́wọ́. Ìlà ara òpó ló máa ń kà lọ.

Ẹ̀ṣẹ̀ tó dá ni pé kò dúró kí òpó náà sọ tẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn bí ọdún méjì péré, nígbà tí ẹ̀rọ ti lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn fún ìgbà díẹ̀, ó sọ fún àwọn ará Ebúté-Ìrètí pé omi kò gòkè, pé ẹ̀rọ nìkan ló ṣe wọ́n, pé wọ́n lè padà kọ́lé síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbà á gbọ́. Tíṣà ni, àna wọn ni, ó sì gbé ìwé dání. Bàbá Sámúẹ́lì, àbúrò Màmá Àgbà tó jẹ́ olórí abúlé, ló kọ́kọ́ kọ́ tirẹ̀, ó kọ́ ọ sétí omi gan-an. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Bàbá ló fi okùn wọn ìpìlẹ̀ ilé náà fún un, ó sì sọ fún un pé, "Omi ò ní ẹsẹ̀, àfi bí wọ́n bá gbẹ́ ọ̀nà fún un."

Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tó fi ń ka òpó. Ní ọdún kan, mo ṣàkíyèsí pé tó bá ti Ìpakòdó dé, yàrá rẹ̀ ló máa ń gbà lọ tààrà. Ó máa ń ṣí àwọn ìwé rẹ̀ sórí tábìlì, á fi oṣù kan wé oṣù kan náà ní ọdún mìíràn, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Omi Ìpakòdó ń gòkè. Díẹ̀díẹ̀ ni, bí èékánná ṣe ń hù, ṣùgbọ́n ó ń gòkè.

Ó kọ́kọ́ fura sí òpó, ó ní bóyá ó ń rì, ó mú bíríkìlà lọ síbẹ̀ láti fi wé kọnkéré àtijọ́ kan tó wà ní èbúté. Òpó kò rì. Ó fura sí ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ní ilẹ̀ odò a máa lọ sílẹ̀ nígbà mìíràn. Ìyẹn ṣeé ṣe, kò sì yọ ọ́ kúrò nínú ìwé rẹ̀ títí tó fi kú, ṣùgbọ́n ó ní ìyẹn nìkan kò lè fa gbogbo rẹ̀. Ó fura sí ojú ara rẹ̀, ó lọ ṣe jígí tuntun. Nígbà tí kò sí ohun tó kù láti fura sí, ó mú ìwé mìíràn jáde, èyí tó ń kọ ohun tí tẹmómítà ara ògiri fàráńdà wa bá sọ sí láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo àárọ̀ kùtù ló ń kà á, kí oòrùn tó yọ. Ó jókòó ti ìwé náà fún ọjọ́ mélòó kan. Ó wá pè mí, ó ní iye tó wà níbẹ̀ ń lọ sókè lọ́dọọdún. Ó ní Ìkòròdú ti kún fún ilé àti síméńtì, òun mọ̀, ìyẹn náà a máa mú ìlú gbóná, òun sì ti fi ìyẹn sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa bi mí ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀: "Oòrùn kì í ràn lóru. Kí ló wá ń mú ìdájí gbóná, Àbẹ̀kẹ́?"

Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un. Kò jiyàn. Ó ní kí n kó àwọn ìwé tí mo fi kàwé ní yunifásítì wá fún òun, ó sì kà wọ́n, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù lọ́wọ́, bí ẹni tó ń wá olè nínú ilé ara rẹ̀.

Ìgbà òjò ọdún yẹn gan-an ni ẹ̀yìn ilé Bàbá Sámúẹ́lì wó. Ẹ̀rọ iyanrìn ti padà dé nígbà náà, ó wà ní apá kejì abúlé. Àwọn ará Ebúté-Ìrètí tún fẹjọ́ sùn, wọ́n sì pè wọ́n sí ìpàdé kan ní Ẹ̀pẹ́ níwájú àwọn aláṣẹ. Bàbá ni ẹlẹ́rìí wọn. Wọn kò mọ ohun tó wà nínú ìwé Ìpakòdó. Èmi nìkan ni mo mọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìpàdé náà, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá mọ́tò ńlá kan tí orúkọ ilé iṣẹ́ oníyanrìn wà lára rẹ̀ níwájú ilé wa. Ọkùnrin ilé iṣẹ́ oníyanrìn ló ń ti inú ilé jáde. Ó kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ó sì wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. Mo bi Bàbá ohun tó wá ṣe. Ó ní ó wá béèrè ohun tí òun máa sọ, òun sì ní kó wá gbọ́ ọ ní Ẹ̀pẹ́. Mi ò gbà á gbọ́. Ẹ̀rín ọkùnrin yẹn kò kúrò lójú mi. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Bàbá lọ sí Ìpakòdó, mo wọ yàrá rẹ̀, mo ń tú ẹrù rẹ̀ wò, mò ń wá ohun tí wọ́n lè ti fi ra ọkàn rẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan. Mo yí padà, mo rí i tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bóyá ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀, mi ò mọ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò lè kúnlẹ̀. Kò bínú. Ojú rẹ̀ dà bí ti tíṣà tí ọmọ rẹ̀ yege. Ó ní, "O ṣe dáadáa. Ṣé o ti wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì?"

Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ìwé Ìpakòdó sílẹ̀ nílé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé èmi ni mo bẹ̀ ẹ́, èmi tí mo ti ń bá a jà láti ọjọ́ yìí pé òótọ́ ni ayé ń gbóná. Mo ní bó bá ka ìwé náà, oníyanrìn á fi bo ara rẹ̀, àwọn ará abúlé á sì rò pé wọ́n ti fún un ní nǹkan. Mo ní kó ka ti Ebúté-Ìrètí nìkan. Kì í ṣe irọ́, ó kàn kù díẹ̀ ni. Ó tẹ́tí sí mi títí mo fi parí. Ó ní ọdún mélòó ni mo ti ń rọ òun pé kí òun gbà á, ó wá ku bí ọ̀la kí òun sọ ọ́ síta, mo ní kí òun gbé e pamọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ gbólóhùn tí mo kọ sí ara ògiri kíláàsì mi lónìí, tí àwọn ọmọ ń bi mí pé ta ló sọ ọ́: "Ìwé tí mo bá fi pamọ́ nítorí ọ̀rẹ́ kò lè jẹ́rìí fún ọ̀rẹ́ mọ́."

A lọ sí Ẹ̀pẹ́. Gbọ̀ngàn náà kún. Àwọn àna wa jókòó sápá kan, Bàbá Sámúẹ́lì níwájú pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lórí orúnkún. Àwọn oníyanrìn jókòó sápá kejì. Nígbà tí wọ́n pe Bàbá, ìwé Ìpakòdó ló kọ́kọ́ ṣí. Ó sọ ibi tí òpó wà, ó sọ bí òun ṣe ń kà á, ó ní omi ń gòkè níbi tí ẹ̀rọ kankan kò sí. Ọkùnrin ilé iṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀. Ní apá tiwa, mo gbọ́ tí ẹnì kan ní wọ́n ti rà á. Àwọn méjì dìde, wọ́n jáde. Bàbá Sámúẹ́lì kò mira.

Bàbá ṣí ìwé Ebúté-Ìrètí. Ó fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì kejì. Ó ní ohun tí omi tó ń gòkè lè jẹ nínú ilẹ̀ abúlé náà rèé, kékeré ni. Ohun tó lọ gan-an rèé. Ó wá fi ọjọ́ tí ẹ̀rọ dé, ọjọ́ tó lọ àti ọjọ́ tó padà hàn wọ́n. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá wà ni ilẹ̀ ń ya lódindi. Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ bi Bàbá pé èwo gan-an ló wá fà á, ṣé ojú ọjọ́ ni àbí ẹ̀rọ.

"Ọwọ́ méjì ni," Bàbá ní. "Ọ̀kan ń wa iyanrìn níwájú ilé wọn, ẹ mọ̀ ọ́n. Èkejì jìnnà, ó pọ̀, tèmi náà wà níbẹ̀, torí mo ti ń tan jẹnẹrétọ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Ọwọ́ èèyàn ni méjèèjì. Ẹ kò lè fi olè kan bo olè kejì."

Mo rò pé ó ti parí. Kò jókòó. Ó yí sí àwọn àna rẹ̀, ó ní òun ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bá ọmọ-ọmọ òun jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun lòun ṣì í. Ó wá bọ́ fìlà rẹ̀, ó kọjú sí Bàbá Sámúẹ́lì, ó ní, "Èmi ni mo ní kí ẹ padà kọ́lé sétí omi. Mo ti sọ̀rọ̀ kí n tó wọ̀n ọ́n tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn."

Bàbá Sámúẹ́lì dé fìlà tirẹ̀, ó dìde, ó sì jáde láì wo ojú rẹ̀.

Ibi tó parí sí kò dùn tó bí mo ṣe fẹ́. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ kúrò níwájú Ebúté-Ìrètí, ó sì kúrò. Abúlé mìíràn ló ń gbọ́ ariwo rẹ̀ báyìí. Àwọn ará Ebúté-Ìrètí sún ilé wọn sẹ́yìn, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìbínú. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò wá kí Bàbá mọ́. Bí Màmá Àgbà bá lọ bá wọn ṣọdún, òun nìkan ló ń lọ. Lọ́dún Kérésìmesì kan, Bàbá múra, ó jókòó sí fàráńdà títí mọ́tò Màmá fi lọ, ó tún wọlé lọ bọ́ aṣọ. Mo bi í bóyá ó dùn ún pé ó sọ ọ́. Ó ní ó dun òun. Ó ní, "Bí kò bá dunni, kì í ṣe pé èèyàn yí ọkàn padà, ó kàn yí ọ̀rọ̀ padà ni."

Àìsàn rẹ̀ kò pẹ́. A ránṣẹ́ sí Ebúté-Ìrètí nígbà tó dùbúlẹ̀, wọn kò wá. A tún ránṣẹ́ nígbà tó kú, a kò sì retí ẹnikẹ́ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, ọkọ̀ ojú omi mẹ́rin gúnlẹ̀ ní Ìpakòdó. Ogún èèyàn ló jáde, ọkùnrin àti obìnrin, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì funfun lọ́rùn wọn, ìdí rẹ̀ tutù fún omi. Bàbá Sámúẹ́lì ló ṣáájú. Mo fura sí wọn, mi ò purọ́. Mo rò pé wọ́n wá bá òkú wí ni.

Wọ́n ní kí àwọn àna sọ̀rọ̀. Bàbá Sámúẹ́lì lọ dúró lẹ́bàá pósí, ó sì bá Màmá Àgbà sọ ọ́, kì í ṣe àwa tó kù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tó mọ̀wé ti wá sí abúlé wa tó ogójì. Wọ́n sọ tiwọn, wọ́n lọ. Ọkọ yín nìkan ló padà wá sọ fún wa pé òun ṣì í."